Èmi Ni Mo Ní Kí Ìyá Mi Ṣáà Máa Tẹ̀ Ẹ́

Ìyá mi kò bá mi jà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ká ní wọ́n ká ọwọ́ lérí tí wọ́n sì pe gbogbo ará àdúgbò wa ní Ìbà pé kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ àwọn fojú àwọn rí, bóyá ọkàn mi ì bá fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n rárá o. Láàárọ̀ yìí náà, wọ́n gbé ẹ̀kọ kalẹ̀ fún mi, wọ́n fi abọ́ bo àkàrà mi kó má baà tutù, wọ́n ní, "Lọ́yà, jẹun kí o tó jáde." Lọ́yà ni wọ́n máa ń pè mí láti kékeré, nítorí pé mi ò lè rí ìrẹ́jẹ kí n panu mọ́. Kọ̀ǹpútà ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe òfin. Mo jẹ àkàrà náà tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohùn tí mo fi ń pariwo lójú títì kọ́ ni mo fẹ́ fi sọ èyí.

Àwọn tó ń gbé ní Ọ̀jọ́ àti agbègbè rẹ̀ lè ti gbọ́ ohùn mi rí. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà sílẹ̀ ní Igbó-Elérin tí wọn kò bò ó, èmi ni mo kó àwọn ọ̀dọ́ lọ síwájú ilé ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí onílé kan ti kànga pa mọ́ àwọn ayálégbé rẹ̀, èmi ni mo gbé gbohùngbohùn dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi ṣí i. Láti ìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀, iṣẹ́ ni mo ń wá tí mi ò rí, inú sì ń bí mi sí gbogbo ẹni tó bá fi agbára rẹ́ aláìní jẹ. Mo gbà pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èmi náà máa rẹ́ ẹlòmíì jẹ, tí àwọn èèyàn á sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọdún méjìlélógún ni ìyá mi ti fi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan ní Okokomaiko. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè wọ́n ní Màmá Káàdì. Ẹ ò ì rí i! Èèyàn kò ní tíì parí ìkíni lẹ́nu fèrèsé tí ìyá mi á ti fa káàdì rẹ̀ yọ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n mọ ẹni tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń fi bíróò pupa kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì bí oògùn kan bá wà tí ara èèyàn kò gbà. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé báwo ni wọ́n ṣe ń rántí, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ̀yin máa ń gbàgbé ọmọ yín ni?"

Ìyá Ìbejì wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Aránṣọ ni obìnrin náà, ẹnu géètì Ìbà Housing Estate ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọsibítù yẹn ló bí Táíwò àti Kẹ́hìndé sí, ọmọbìnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n ti pé ọmọ ọdún méje báyìí. Nígbà tí Táíwò wà lọ́mọ ọwọ́, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìn, gbogbo ara rẹ̀ sì wú. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti fi bíróò pupa kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gbà á mọ́, wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti Kẹ́hìndé kò ní nǹkan kan nínú. Ara tirẹ̀ ń gba gbogbo oògùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọsibítù ra kọ̀ǹpútà o. Wọ́n kó àwọn káàdì sínú àpò ìrẹsì, wọ́n jù wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà fún wọn rán ọmọbìnrin kan wá láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, Bùkọ́lá ni màá pè é. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un láti fi kọ́ àwọn àgbàlagbà tí wọn kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ìyá mi ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun nítorí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi hàn mí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni pé: "Ká ohun tó bá wà níbẹ̀ kí o tó tẹ nǹkan kan." Mo rẹ́rìn-ín sí àmì tí wọ́n fi sórí "ká". Àmì náà ni mo rí, mi ò rí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ aláìsàn sínú ẹ̀rọ yìí, tí ẹ̀rọ bá rí i pé méjì nínú orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bá ti ẹni kan tó ti wà níbẹ̀ mu, àpótí pupa kan á yọ sójú rẹ̀. Èdè Òyìnbó gbágbágbá ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ó jọ pé ẹ ti kọ ẹni yìí tẹ́lẹ̀, ṣé kí n pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan? OK sì wà nísàlẹ̀, ó tóbi, ó ń tàn. Bọ́tìnì pé rárá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kékeré, ó sì fi àwọ̀ jọ eérú. Ẹ tún wò ó: àdúgbò wa nìyí, níbi tí èèyàn mẹ́fà ti ń lo nọ́ńbà ẹnì kan, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbà kò ti mọ ọjọ́ ìbí wọn, tí wọ́n á sì fi ọjọ́ kìíní ọdún sí i fún gbogbo wọn. Àpótí pupa náà kò yé yọ! Ó ń yọ ní ogún ìgbà kí oòrùn tó kan àtàrí. Àti pé kí èèyàn máa ṣe ẹ̀rọ fún ilẹ̀ Yorùbá kó má ro ti ìbejì, irú kí leléyìí? Ọjọ́ ìbí kan, bàbá kan, fóònù ìyá kan. Lójú ẹ̀rọ yẹn, kò sí ìbejì láyé. Ẹnì kan ni wọ́n ṣèèṣì kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá mi pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìpè karùn-ún wọn lọ́jọ́ náà nìyẹn. Iwájú ilé ìjọba ìbílẹ̀ ni mo wà, àwa àti àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe àtakò, oòrùn ń mú, gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, àpótí pupa yìí tún ti dé o."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ná. Bó bá ti yọ, ẹ ṣáà tẹ OK, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

"Ohun tó kọ síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n kà á fún ọ?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Màmá! Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ lo kàwé rẹ̀."

Mi ò rí àpótí náà rí. Mi ò jẹ́ kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò pè mí mọ́. Mo tiẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ń fi mí yangàn lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì bá ní, "Màmá Káàdì, ọwọ́ yín mà ti yá lórí ẹ̀rọ yìí o!" wọ́n á ní, "Ọmọ mi ló kọ́ mi. Ẹni tó ní olùkọ́ nílé kì í gba lẹ́sìnnì." Olùkọ́! Ẹ gbà mí.

Inú rírun ló kọ́kọ́ gbé Kẹ́hìndé dé ọsibítù lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n ti kọ Táíwò sínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, òun àti ìkìlọ̀ rẹ̀. Bí ìyá mi ṣe kọ Kẹ́hìndé tán, àpótí pupa yọ, wọ́n tẹ OK. Ó parí. Bí wọ́n bá wá Táíwò lórí ẹ̀rọ, ó ń jáde, bí wọ́n bá wá Kẹ́hìndé, ó ń jáde, ṣùgbọ́n ìwé kan náà ni, ti Kẹ́hìndé tó dé kẹ́yìn ni gbogbo inú rẹ̀. Ìkìlọ̀ tí ìyá mi ti ń fi bíróò pupa pa mọ́ fún ọdún méje ti pòórá, ọwọ́ ìyá mi ló sì pa á rẹ́, nítorí mo ní kí wọ́n ṣáà máa tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni eéwo mú Táíwò lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti lọ ra òwú ní Alábà, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló gbé e wá. Nọ́ọ̀sì tuntun kan béèrè bóyá oògùn kan wà tí ara ọmọ náà kì í gbà, àǹtí yẹn ní òun ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì wo ojú kọ̀ǹpútà, kò rí nǹkan kan. Ó fún un lábẹ́rẹ́ pẹnisílìn. Ìyá mi ní àwọn gbọ́ igbe kan láti yàrá abẹ́rẹ́, nígbà tí àwọn sì máa fi débẹ̀, ojú ọmọ náà ti wú bo ẹyinjú, èémí rẹ̀ ń han bí ìgbà tí èèyàn ń fa omi tó ti tán nínú ike. Ìyá mi ké mọ́ dọ́kítà pé, "Táíwò ni! Táíwò ni, kì í ṣe Kẹ́hìndé! Mo kọ ọ́! Mo kọ ọ́ síbẹ̀!" Dọ́kítà sáré fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró oògùn, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ìbejì ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ní kí ìyá mi máa lọ sílé.

Inú bí mi bí ẹni máa ya aṣọ. Mo lọ sí ọsibítù, mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà hàn mí. Mo tún orúkọ ẹnì kan tó ti wà níbẹ̀ kọ sí i, àpótí pupa yọ, mo kà á. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Kí ló yẹ kí n ṣe? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ kọ ọ̀rọ̀ gígùn sórí ayélujára: "Ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, Màmá Káàdì kọ́." Irọ́ kọ́ ni. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ẹ̀rọ náà ló jẹ́ òótọ́: èdè tí kò yé ẹni tó ń lò ó, ìkìlọ̀ tó pọ̀ débi tí kò fi jẹ́ ìkìlọ̀ mọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo fún ẹ̀kọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo yọ kúrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn pín in kiri, àwọn ọ̀dọ́ dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, dọ́kítà tó ni ibẹ̀ bá pe ìpàdé.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ wá, ó mú Bùkọ́lá dání. Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀. Ìyá mi jókòó sáàárín, wọ́n fi ìborùn wé ọwọ́ wọn. Ọ̀gá náà béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ta ló ní kí ẹ máa tẹ OK láì kà á?"

Ìyá mi gbójú sókè, wọ́n wò mí. Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Wọ́n tún gbójú wálẹ̀. "Mi ò rántí mọ́," ni wọ́n sọ.

Èmi ni mo fò dìde. Ọlọ́run ló mọ ohun tó gbé mi. Mo ní, "Kí lẹ tún ń bi wọ́n sí? Ẹni tí ẹ rán wá kọ́ wọn ló ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀!" Mo na ìka sí Bùkọ́lá.

Bùkọ́lá ní, "Èmi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o." Ó yíjú sí ìyá mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá mi kò dáhùn. Omijé ń já bọ́ sórí ìborùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu fèrèsé hó lé ọmọbìnrin náà lórí. Ẹnì kan ní, "Ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ tì í!" Lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí pé àwọn máa tún ẹ̀rọ ṣe. Dọ́kítà ní kí ìyá mi padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí. Wọ́n gbé mi sókè lọ́jọ́ náà, wọ́n ń kọrin.

Nígbà tí a délé, ìyá mi bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Màmá, ó máa rí iṣẹ́ míì."

Wọ́n wò mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. "Ìwọ tí o ti ń wá a láti ọjọ́ yìí, ṣé o ti rí?"

Mi ò lè sùn mọ́. Ìyá Ìbejì ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mo bá a lẹ́nu iṣẹ́, Táíwò wà lábẹ́ tábìlì tó ń fi àjákù aṣọ wé gèlè fún bébà tó ká bí ọmọlangidi. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyá Ìbejì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Màmá Káàdì wá bẹ̀ mí nígbà mẹ́rin. Wọn ò dárúkọ rẹ rí." Ó ní kí Táíwò jáde lọ ra omi. Lẹ́yìn náà ló sunkún, èmi náà sunkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ọmọ mi wà láàyè. Mo ti foríjì ọ́. Ṣùgbọ́n tèmi nìyẹn o. Má lọ fi ìdáríjì tèmi san gbèsè ọmọ ẹlòmíì."

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá mi gbé ìwé àkọsílẹ̀ wọn wá, wọ́n ní kí n tún ẹ̀rọ náà kọ́ àwọn, kí àwọn má baà lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi kalẹ̀, mo ṣe àpótí pupa kan sójú rẹ̀. Mo tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn, lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìyá mi sún dígí ojú wọn sókè, wọ́n sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo ojú ìkókó.

"Ó ń bi mí léèrè ni, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi rò pé ó ń pàṣẹ fún mi ni. Mo rò pé bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, mo ti ṣe àìgbọràn." Wọ́n rọra gbé ìka wọn lọ sórí bọ́tìnì kékeré tó dà bí eérú yẹn, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àpótí náà lọ. "Háà! Àṣé mo lè sọ pé rárá?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbá wọn mọ́ra. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹni tó bá ń lò ó nílò láti mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ̀kọ́ náà gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mi ò ní lọ́jọ́ tí mo ń gbèjà gbogbo ayé níwájú ilé ìjọba ìbílẹ̀!

Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn pé mo fẹ́ jẹ́wọ́ ní gbangba, kí wọ́n lè dá Bùkọ́lá padà. Ìyá mi pa ìwé wọn dé. Wọ́n ní, "Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á béèrè ìdí tí èmi fi dákẹ́. Wọ́n á ní Màmá Káàdì parọ́. Bóyá wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́." Wọ́n tún ní, "Ṣùgbọ́n ó pè mí ní màmá lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́. Mi ò ní kí o sọ, ọmọ mi, mi ò sì ní kí o má sọ." Wọ́n bá lọ sí ibi ìdáná.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ rèé níwájú yín. Bí ẹni tó bí yín bá pè yín pé kí ni fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yìí ń sọ, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún yín, ẹ dúró gbọ́. Ìyẹn ni mo mọ̀. Èyí tí mi ò mọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Bí mo bá sọ òótọ́, ìyá mi tó fi ara wọn bò mí lè pàdánù iṣẹ́ tó jẹ́ ayé wọn. Bí mo bá dákẹ́, ọmọbìnrin kan jókòó sílé pẹ̀lú ẹ̀bi tí mo dì lé e lórí. Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo fi lè gbé ẹ̀bi mi láì tún gbé e gba orí ìyá mi kọjá? Ọjọ́ Ajé kò jìnnà mọ́. Mo ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ, mo sọ ohun gbogbo nínú rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo kọ orúkọ Bùkọ́lá síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé kò jẹ̀bi. Orúkọ tèmi nísàlẹ̀ ló kù.